Ẹsẹ̀ Òsì Mùbàṣírù

Nọ́ọ̀sì Ọláyẹmí, tó ń fún Mùbàṣírù lóògùn ní Àgọ́-Ìwòyè, ló kọ́kọ́ sọ fún Muslimah, ẹ̀gbọ́n ọmọkùnrin náà, pé ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan alààyè bí ẹ̀kọ ṣe ń dì nínú ewé. Orí fóònù ló ti sọ ọ́. Òrí ti wà lọ́wọ́ Muslimah nígbà náà, torí òun náà ni gbogbo Òkè-Àgbò ń pè bí ọrùn bá gan tàbí tí ẹsẹ̀ bá rọ́.

“Ṣé ẹsẹ̀ kan ló wú, àbí méjèèjì?”

“Ti òsì nìkan ni. Ó gbóná, ó le. Mo wọ́ ọ díẹ̀ lánàá.”

“Ẹ má wọ́ ọ mọ́, Àǹtí. Àrùn yẹn ti wọ̀ ọ́ lára jù, ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Bí èyí tó dì bá ṣí nípò, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ, èémí á sì dá. Ẹ gbé e wá kíá.”

Muslimah nìkan ló mọ̀ nínú ilé pé kòkòrò apa sójà ara ló ń bá àbúrò òun jà. Láti oṣù ààwẹ̀ ló ti pa oògùn tì, torí kò lè gbé e mì lójú gbogbo ilé nídìí sààrì. Ìtúnnu kọjá, kò padà sí i.

Ìyá wọn gbé omi gbígbóná wọlé. “Kí lò ń wò? Wọ́ ọ fún un.”

“Màámi, n ò lè wọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ ló dì níbẹ̀, kò ṣeé tẹ̀. Ọsibítù ni ká gbé e lọ.”

“Torí ẹsẹ̀ wíwú? Ọmọ ẹlòmíì lo mọ̀ ọ́n wọ́! Ó kan ti ìyá rẹ, ọwọ́ ẹ rọ.”

Ìyá ká apá aṣọ sókè, ó kúnlẹ̀. Muslimah fi ara dí i. Bó bá sọ nọ́ọ̀sì tó sọ ọ́ fún un, àṣírí àbúrò rẹ̀ tú; bó bá dákẹ́, ọwọ́ ìyá lè pa ọmọ.

Mùbàṣírù wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Ẹ fi Àǹtí sílẹ̀, Màámi. Kòkòrò apa sójà ara ló wà lára mi. Ó ti tó ọdún mẹ́rin.”

Ìyá dìde. Ó kọjú sí Muslimah. “O mọ̀?”

“Mo mọ̀, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́.”

“Pe Luqman kó gbé Màrúwá wá. Èmi ni n ó bá ọmọ mi lọ. Ìwọ, jókòó sílé.”

Wọ́n rọra gbé Mùbàṣírù wọ Màrúwá. Ìyá gbé ẹsẹ̀ wíwú náà lé itan ara rẹ̀, kò fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ rárá. Muslimah sáré tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà, ó ń pe, “Màámi!” Màrúwá ṣí. Ìyá ò wẹ̀yìn.