Oṣù Tí Bàálù Bò

Inú ń bí mi, n kò sì ní fi pa mọ́. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni bàbá mi, Nọ́fíù télọ̀, ti ń bá mọ́ṣáláṣí wa ní Òjòwò wo oṣù ààwẹ̀. Láti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, ẹlẹ́rìí kan tó ṣeé fọkàn tán ti tó. Bàbá mi ni ẹlẹ́rìí náà.

Lọ́dún yìí, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ nígbà tó nàka sókè pé, "Òun nìyẹn!" Kí Alhaji Mùbàṣírù, alága ìgbìmọ̀, tó wá ibi tó ń nàka sí, ìkùukùu funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti bo ibẹ̀.

Mùbàṣírù rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ìlà èéfín bàálù lẹ rí. Ojú yín ti ń ṣe bàìbàì. Ẹ máa lọ sí ulé, a ó wá ẹlòmíràn."

Ojú bàìbàì! Ojú tó ṣì ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láìlo gíláàsì!

Iṣẹ́ ìwádìí tí mo ń ṣe nípa èéfín bàálù ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè rèé. Èéfín bàálù ní ẹ̀rún dúdú wẹ́wẹ́ nínú, irú èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò orí iná igi. Lókè lọ́hùn-ún, níbi tí òtútù pọ̀ sí, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á dì mọ́ ọn, á di yìnyín kéékèèké. Ìlà tín-ín-rín á fẹ̀, á tẹ́ bí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Wọ́n ní ẹni tó bá jẹ gbì, á kú gbì. Bàálù ló jẹ gbì tiwa, bàbá mi ló ń kú gbì!

Mo ti de kámẹ́rà mọ́ òrùlé wa nítorí iṣẹ́ yìí. Wọn kò rí ẹlẹ́rìí mìíràn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí gbogbo àdúgbò ń jẹ mọ́ín-mọ́ín, tí bàbá mi nìkan gbààwẹ̀, mo wo fọ́tò inú rẹ̀. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ìrọ̀lẹ́ àná: oṣù wà níbẹ̀ kedere. Ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn náà, ìlà bàálù tó ti fẹ̀ ti bò ó.

Mo gbé e lọ bá ìgbìmọ̀ ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Aláásàárì; bàbá mi náà wà níbẹ̀. Mùbàṣírù wò ó, ó tún un wò, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, ẹ má bínú. A ti gbà báyìí."

Bàbá mi kò tilẹ̀ wo fọ́tò náà. "Ta lẹ gbà gbọ́?" ló bi wọ́n. "Èmi ni, àbí kámẹ́rà?"

Mo ní, "Ẹ bá wọn wí, Bàbá! Wọ́n dójú tì yín!"

Ó yíjú sí mi. "Haneefah, nígbà tí mo délé lánàá, tí mo ní mo rí oṣù, kí lo sọ?"

Mo rántí dáadáa.

"Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wo kámẹ́rà," ni mo sọ.