Sílíńdà Tó Ń Rìn

Nígbà tí wọ́n dé ilé kẹta ní yunifásítì, ti àwọn oníkẹ́míkà, Ọ́dítọ̀, ẹni tó wá yẹ ohun tí wọ́n fowó rà wò, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo sílíńdà panápaná tó wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ wọnú, gẹ́lẹ́ bíi ti èyí tó rí nílé kìíní àti nílé kejì. Ó fọwọ́ pa á. Òógùn ẹni tó gbé e sáré wá ṣì wà lára irin náà.

Ìgbà náà ló yé e ìdí tí Bọ́sà, olùtọ́jú owó yunifásítì, fi ń mú wọn jókòó mu nǹkan tútù kí wọ́n tó kúrò nílé kan bọ́ sí òmíràn. Bí wọ́n ṣe ń mu ún níwájú ilé ni wọ́n ń ti ẹ̀yìnkùlé gbé sílíńdà ṣíwájú wọn. Tilé kan ṣoṣo ni wọ́n rà. Owó gbogbo ilé ni wọ́n gbà. Ọgbọ́n burúkú ò tán láyé.

Iṣẹ́ Ọ́dítọ̀ ni kó sọ̀rọ̀. Àmọ́ kò tíì pẹ́ tí Bọ́sà bá a wá àyè fún ọmọbìnrin Ọ́dítọ̀ fúnra rẹ̀ ní ẹ̀ka ìṣègùn, ọmọ tí máàkì rẹ̀ ò tó. Bẹ́nu bá jẹ, ojú á tì.

"Ó pé, àbí?" ni Bọ́sà bi í.

"Ó pé."

Kí mọ́tò Ọ́dítọ̀ tó jáde nínú ọgbà, wọ́n ti gbé sílíńdà kúrò lára ògiri àwọn oníkẹ́míkà lọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí iná fi sọ nílé àwọn oníkẹ́míkà. Baba Láàbù, àgbà òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú ibẹ̀, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde tán, ó sì fi ọwọ́ lásán bá iná jà. Àwọn aláṣẹ ní àìbìkítà rẹ̀ ló jẹ́ kí ilé jó, pé panápaná wà níbẹ̀, kò lò ó. Bí ẹ̀sùn náà bá dúró, iṣẹ́ á bọ́, owó ìfẹ̀yìntì á bá a lọ. Ta ni wọ́n ní kó wádìí ọ̀rọ̀? Ọ́dítọ̀ kan náà ni.

Ó bá a nílé ìwòsàn, báńdéèjì wé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ìyàwó rẹ̀ ń fi ṣíbí fún un lómi. Baba ní látìgbà tóun ti gbọ́ ẹni tí wọ́n yàn lọkàn òun ti balẹ̀.

"Nígbà tí iná sọ, mo rántí panápaná tí wọ́n gbé kọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wá, sà, ni mo bá sáré lọ síbẹ̀. Irin ìkọ́ nìkan ni mo bá. Wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa, pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ fojú rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀."

Ìtìjú bo Ọ́dítọ̀ látorí dé ẹsẹ̀. Ó mọ òtítọ́ náà bí ẹní mowó. Ó wo báńdéèjì, ó rántí ọmọ rẹ̀ nínú aṣọ funfun oníṣègùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán.

"Baba," ó ní, "ṣé kì í ṣe èéfín ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ rí i?"

Ìyàwó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ń wo ẹnu ọkọ rẹ̀. Baba wo ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì wé.

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, sà," ó ní níkẹyìn. "Èéfín ọ̀hún pọ̀ lóòótọ́. Ẹ má bínú sí mi."