Ọ̀já Pupa Mẹ́fà

1.

…tí kùrukùru sì ń dí àárín òkè tí bàálù ń gbà láràárọ̀, títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Èyí tó bá wà nílùú kò lè gòkè wá. Èyí tó bá ń gbé lókè nìkan ló lè gbé aláboyún láti abúlé wa dé ilé ìwòsàn ńlá tó wà lókè kejì. Ìrìn ọjọ́ kan ni lórí ẹṣin. Ọ̀gá mi, hẹlikọ́pítà mẹ́ta la ní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan máa gbé lókè. Èmi ni n ó máa tọ́jú ẹ̀.

Sajẹnti Seabata Ramoeletsi, atúnbàálùṣe.


(Ojú ìwé kìíní lẹ́tà yìí ti sọnù. Wọ́n ní orúkọ ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Obìnrin náà fi ọjọ́ mẹ́ta dúró de bàálù kí wọ́n tó gbé e sórí ẹṣin. Orí ẹṣin ló kú sí, tòun ti oyún.)


2.

Ìdáhùn Mejọ Lebusa, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun òfurufú. Pẹ́ńsù ló fi kọ ọ́ sí etí lẹ́tà náà.

*Mẹ́ta kì í ṣe ọgbọ̀n. Tá a bá tú wọn ká, a tú òṣìṣẹ́ ká, a tú irinṣẹ́ ká. Abẹ́ òrùlé kan ló yẹ kí wọ́n wà, kí ọ̀kan lè máa ran èkejì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo bá ọ kẹ́dùn. Mú Ẹ̀kẹta lọ. Ọdún kan péré, ká wò ó.*

Mejọ kì í ṣe ìkà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.


3.

OHUN TÓ DÉ ORÍ ÒKÈ

Hẹlikọ́pítà kan, Ẹ̀kẹta. Ó pé.
Awakọ̀ rẹ̀ kan, Lẹ́fútẹ́náǹtì Nthabeleng, obìnrin tí kì í yéé kọrin.
Àgbá epo méjìlá.
Ilé páànù kan.
Rédíò kan.
Ẹṣin kan, ti Seabata fúnra rẹ̀.

Ní oṣù méjì, aláboyún méje. Kò sí èyí tó kú.


4.

ÌKÌLỌ̀
(a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri)

OHUNKÓHUN TÍ A BÁ YỌ LÁRA BÀÁLÙ KAN FÚN ÒMÍRÀN, KÍ A SO Ọ̀JÁ PUPA MỌ́ IBI TÓ ṢÓFO. KÍ A KỌ OHUN TÍ A YỌ, IBI TÓ LỌ, ÌGBÀ TÍ YÓÒ PADÀ. ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ TÚ Ọ̀JÁ NÁÀ TÍTÍ NǸKAN NÁÀ YÓÒ FI DÉ.


5.

Rédíò, ọjọ́ Ajé. Ìlú ni Mejọ. Òkè ni Seabata.

ÌLÚ: Sajẹnti, bátìrì Èkíní ti kú. Mínísítà fẹ́ lọ wo afárá lọ́la. Yá wa ní tìẹ.
ÒKÈ: Ìgbà wo lẹ máa dá a padà, ọ̀gá mi?
ÌLÚ: Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.
ÒKÈ: Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ti ọdún wo?
ÌLÚ: Má bú mi o. Kí ni kí n kọ sára pátákó tá a fi ń ka bàálù? Ẹ̀kẹta pé àbí kò pé?

(Seabata wo Ẹ̀kẹta. Tó bá ní kò pé, wọ́n á ní kí ló ń ṣe lókè. Wọ́n á ní kó dá a padà wálé.)

ÒKÈ: Mejọ, màlúù tí bàbá mi fi ṣe mafisa sọ́dọ̀ ará àdúgbò, tó ń bá a sìn ín, tó ń fún wàrà ẹ̀ mu, ta ló ni ín?
ÌLÚ: Bàbá ẹ ni. Ìbéèrè wo nìyẹn?
ÒKÈ: Tí wọ́n bá ń ka màlúù bàbá mi, ṣé wọn ò ní í kà á mọ́ ọn?
ÌLÚ: Wọ́n á kà á.
ÒKÈ: Ẹ yáa kọ ọ́ pé ó pé.
ÌLÚ: (ẹ̀rín) Ọmọ darandaran! Ó pé.


6.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

ÌWÉ Ọ̀JÁ

Kìíní. Bátìrì. Lọ sí: Èkíní. Padà: ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.
Kejì. Rédíò inú bàálù. Lọ sí: Èkejì. Padà: láìpẹ́.
Kẹta. Abẹ̀bẹ̀ ìrù. Lọ sí: Èkíní. Padà: tí tuntun bá dé láti òkè òkun.
Kẹrin. Ẹ̀rọ tó ń fa epo. Lọ sí: Èkejì. Padà:
Karùn-ún. Lẹ́fútẹ́náǹtì Nthabeleng. Lọ sí: ìlú. Padà: tí awakọ̀ bá pọ̀ sí i.

Ìjókòó rẹ̀ ni Seabata so ọ̀já karùn-ún mọ́. Nthabeleng rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Abuti, èmi náà ti di màlúù mafisa nìyẹn." Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Gbogbo rẹ̀, Èkejì ló wá kó wọn, lẹ́yìn ọ̀sán, nígbà tí kùrukùru bá ká.


7.

PÁTÁKÓ ÌLÚ

Èkíní: ó pé.
Èkejì: ó pé.
Ẹ̀kẹta: ó pé.


8.

Ó ń fọ Ẹ̀kẹta láràárọ̀. Ó ń fi ìnujú nu dígí rẹ̀. Ó ń kí i pé ó jíire.

Ó ń ro papa, ọkà àgbàdo, fún ẹni méjì. Ó ń jẹ ti ẹnì kan.

Ìdáwà ń pa á. Kò sí bí a ṣe fẹ́ sọ ọ́ tí yóò dùn. Ọjọ́ Ajé nìkan ló ń gbọ́ ohùn èèyàn, ohun tí ohùn náà sì ń bi í kò ju ọ̀kan lọ. Ó pé? Ó pé.


9.

(Kò sí ohun tó kọ sí ojú ìwé yìí. Yìnyín ti bẹ̀rẹ̀.)


10.

Àtẹ̀jíṣẹ́, láti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì 'Mampoi ní abúlé Ha Ralitau, sí ìlú:

*Lisebo ti ń rọbí láti àná. Ọmọ dábùú. Ṣé kí n gbé e sórí ẹṣin báyìí, àbí ẹ ń bọ̀?*

Èsì ìlú, bí wọ́n ṣe kà á lára pátákó:

*Má gbé e sórí ẹṣin. Ẹ̀kẹta wà lókè níbẹ̀. Ó pé. Gbé e lọ bá Sajẹnti.*


11.

Màlúù méjì ló fi pákó wọ́ Lisebo kọjá lórí yìnyín. Nígbà tí wọ́n fi dé ilé páànù, ilẹ̀ ti mọ́ tipẹ́.

'MAMPOI: Ntate, ẹ ṣílẹ̀kùn ẹ̀, ká máa lọ.
SEABATA: (ó ń wo àwọn ọ̀já pupa)
'MAMPOI: Àwọn ọ̀já wo ló pọ̀ tó báyìí? Ṣé ìyàwó lẹ fẹ́ fi í fẹ́ ni?
SEABATA: 'M'e, kò lè fò.
'MAMPOI: Wọ́n ní ó pé!
SEABATA: Èmi ni mo ní kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀.
'MAMPOI: Èmi ìbá ti dé ìdajì ọ̀nà báyìí. Ìdajì ọ̀nà, Ntate!
SEABATA: Mo mọ̀.
LISEBO: Kí la ń dúró dè?


12.

ÒKÈ: Mejọ, ẹ pa á rẹ́ lára pátákó.
ÌLÚ: Kí ni kí n pa rẹ́?
ÒKÈ: Ẹ̀kẹta. Kò pé. Láti ọjọ́ bátìrì ni kò ti pé.
ÌLÚ: Èmi náà mọ̀, Seabata.
ÒKÈ: Ẹ mọ̀?
ÌLÚ: A jọ ń kà á ni. Gbọ́. Èkíní ti wà ní ìta. Nthabeleng ti jókòó sínú ẹ̀. Kùrukùru nìkan là ń wò.
ÒKÈ: Báwo ló ṣe rí?
ÌLÚ: N ò rí ògiri ọgbà wa gan-an. Ṣùgbọ́n ó lè là. Dúró síbẹ̀. Àṣẹ ni.
ÒKÈ: Ìyàwó mi dúró.
ÌLÚ: Sajẹnti, ọ̀nà ẹṣin yẹn nínú yìnyín…
ÒKÈ: Mo mọ ọ̀nà ẹṣin yẹn, ọ̀gá mi. Ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n.


13.

Ọ̀já kẹfà. Ẹnu ilẹ̀kùn ilé páànù ni wọ́n ti bá a.

Ohun tí a yọ: Sajẹnti Seabata Ramoeletsi. Ẹṣin rẹ̀. Kúbùsù rẹ̀, ara Lisebo ló wà.
Ibi tó lọ: ilé ìwòsàn ńlá, ọ̀nà ẹṣin, òun àti nọ́ọ̀sì àti aláboyún.
Ìgbà tí yóò padà:


14.

Rédíò, ọjọ́ kan náà. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní àtàrí.

ÌLÚ: Òkè, Òkè, ó ti là! Nthabeleng ti gbéra. Ẹ má kúrò níbẹ̀ o.

ÌLÚ: Òkè?

ÌLÚ: Seabata, ṣé o wà níbẹ̀?