Ẹni Tó Ń Gbé Tọ́ọ̀ṣì

Ọdún mẹ́tàlélógún gbáko ni Susannah fi gbé tọ́ọ̀ṣì fún Elisha Adéjọbí, ọkọ rẹ̀. Bí nǹkan bá bàjẹ́ nílé wọn ní Iléṣà, Elisha á bọ́ ẹ̀wù, á gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ jáde, àpótí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, á sì pe ìyàwó rẹ̀ pé kó wá gbé iná. Lẹ́yìn náà ni èébú á bẹ̀rẹ̀. "Gbé iná dáadáa! Ibi tí mò ń ṣe ni kó o tàn án sí, kì í ṣe ojú mi!" Bí sípánà bá yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, iná ni kò dára. Bí ìṣó bá wọ́, ọwọ́ Susannah ló gbọ̀n. Bó bá wá rẹ̀ ẹ́, á gé túùbù kẹ̀kẹ́ tó ti gbó, á fi so ibi tó ń jò, á ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀ ná. Fún ìgbà díẹ̀ ni."

Ẹ wọ ilé yẹn kẹ́ ẹ rí "fún ìgbà díẹ̀". Okùn ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ láti ìgbà tí Ìbùkúnolúwa, ọmọ wọn, ti wà ní pírámárì. Ọmọ náà ti parí yunifásítì báyìí. Ẹ̀rọ omi ilé ìdáná wé túùbù mọ́rùn bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn, ó sì ń jò, tó, tó, tó, tọ̀sán-tòru. Ṣùgbọ́n ẹ má pe púlọ́ńbà o! Elisha, igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama tó ti fẹ̀yìn tì, ta ló fẹ́ kọ́ ọ ní ohun tí kò mọ̀?

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà nígbà tí Rùkáyà dé. Ọmọ Òṣogbo ni, láti ìdílé Àkànó ní àdúgbò Igbona, iṣẹ́ púlọ́ńbà tí bàbá rẹ̀ ṣe dọjọ́ ikú lòun náà ń ṣe. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì Susannah ló bẹ̀ ẹ́ pé kó máa wá ní gbogbo Sátidé, kó kọ́ àwọn ní àtúnṣe kéékèèké inú ilé. Ó wọ gbọ̀ngàn ìjọ tòun ti hìjáàbù lórí àti sípánà lọ́wọ́, ó wo àwọn ìyá yíká, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ìyá mi, wọ́n ní Ìjẹ̀ṣà ò rí ìdí ìṣáná, ilé ló ti ń mú iná lọ oko. A dúpẹ́, tọ́ọ̀ṣì lẹ wá ń gbé báyìí. Ta ló ti gbé e fún ọkọ rẹ̀ rí?" Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè. "Alhamdulillah. Ẹ ti kọ́ ìdajì iṣẹ́ nìyẹn. Ìdajì tó kù rèé: kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ omi kankan, ẹ kọ́kọ́ lọ ti omi nídìí táǹkì. Ẹni tí kò bá ti omi, omi á wẹ̀ ẹ́ taṣọtaṣọ."

Susannah kò pa Sátidé kan jẹ. Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà ṣòro. Ohun tó dùn ún ni pé kò ṣòro. Wáṣà, rọ́bà kékeré kan tí kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ, ló ti ń fi gbogbo wọn ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ yìí. Lọ́jọ́ tí Elisha lọ wo oko kòkó rẹ̀ ní Ìbòkun, Susannah lọ ti omi, ó tú túùbù ọrùn ẹ̀rọ dànù, ó pààrọ̀ wáṣà. Kò lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ó wá jókòó sílé ìdáná, ó ń gbọ́ bí ilé ṣe dákẹ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sunkún díẹ̀.

Ó ń retí kí ọkọ rẹ̀ dé kó bi í léèrè. Ọkọ dé, àlejò sì bá a dé: Ògbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́, akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé àti ilẹ̀ ìjọ, ìgbìmọ̀ tí Elisha fúnra rẹ̀ jẹ́ alága fún. Ọmọ́tọ́ṣọ́ fọ ọwọ́ tán, ó ní, "Alága, ẹ̀rọ yín ò mà jò mọ́!"

Elisha yí ẹ̀rọ náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó mọ̀, ta ni kò ní mọ̀? Ó húkọ́ díẹ̀, ó ní, "Mo kàn fọwọ́ bà á ni."

Susannah gbé oúnjẹ kalẹ̀. Obìnrin tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í já ọkọ rẹ̀ nírọ́ lójú àlejò. Ó rò pé bí àlejò bá lọ, ọkọ òun á dúpẹ́. Àlejò lọ. Elisha ní kó bu omi wá fún òun.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni ìgbìmọ̀ jókòó lẹ́yìn ìsìn, wọ́n sì pe àwọn ìyá sí i. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni pé ṣé kí wọ́n gba gbọ̀ngàn lọ́wọ́ àwọn obìnrin ní Sátidé. Bí wọ́n bá gbà á, ẹ̀kọ́ parí nìyẹn, nítorí kò síbòmíràn tó lè gbà wọ́n. Elisha dìde nínú agbádá, ó ká apá rẹ̀ sókè.

"Èmi ò rí ìwúlò rẹ̀. Iṣẹ́ ọkùnrin ni. Èmi tí mò ń tún ẹ̀rọ ilé mi ṣe fúnra mi, kí ni ìyàwó mi wá ń wá níbẹ̀? Ọmọ́tọ́ṣọ́ fojú rí i." Ọmọ́tọ́ṣọ́ mi orí bí alángbá.

Ara Susannah gbóná. Ó lè fara mọ́ ọn kí wọ́n jí ògo òun nílé. Kí wọ́n wá fi ògo tí wọ́n jí náà ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo obìnrin, ìyẹn ti pọ̀ jù. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà.

"Ẹ ṣé o, ọkọ mi. Ẹ̀rọ tó wà nínú yàrá kékeré ẹ̀yìn ibí yìí ti ń jò láti ọjọ́ Àjíǹde. Ẹ jẹ́ kí alága bá wa fọwọ́ bà á nísinsìnyí. Bí wọ́n bá ti ṣe é tán, kẹ́ ẹ gba gbọ̀ngàn yín. Èmi á gbé tọ́ọ̀ṣì fún wọn, bí mo ṣe máa ń ṣe."

Àwọn àgbà pàtẹ́wọ́. Ẹni tó ní òun mọ ọ̀pẹ gùn, wọ́n ti gbé igbà fún un.

Yàrá náà ṣókùnkùn, kò ní fèrèsé. Elisha ká agbádá lé èjìká, ó di sípánà mú bí ẹni di ejò mú lọ́rùn. Àwọn ìgbìmọ̀ há sẹ́nu ọ̀nà, àwọn ìyá ń yọjú láti ẹ̀yìn wọn. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Susannah, ibo ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀?"

Àánú rẹ̀ ṣe é. Lóòótọ́, àánú rẹ̀ ṣe é. "Ẹ kàn sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣe ti ilé," ó dá a lóhùn jẹ́jẹ́, "màá sì sọ fún yín."

Elisha wo ẹnu ọ̀nà, ó wo àwọn tó ń pè é ní alága. Ó gbé ohùn sókè. "Gbé iná dáadáa!"

Susannah gbé e dáadáa. Elisha yí sípánà lẹ́ẹ̀kan, ó yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó fi gbogbo agbára yí i lẹ́ẹ̀kẹta. Orí ẹ̀rọ fò lọ, omi táǹkì tú jáde, ó gbá a lójú, ó gbá fìlà rẹ̀ dànù. Ọmọ́tọ́ṣọ́ ló kọ́kọ́ sá. Elisha fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dí ihò náà, omi ń gba àárín ìka rẹ̀ yọ, ó ń kígbe, "Túùbù! Ẹ bá mi wá túùbù!"

Susannah rọra jáde, ó lọ sídìí táǹkì, ó ti omi. Ó padà wọlé, ó fi tọ́ọ̀ṣì sí ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ tútù. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ wáṣà àti tẹ́ẹ̀pù funfun tí Rùkáyà fi kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wé ẹnu ẹ̀rọ, lábẹ́ Bíbélì.

"Ẹ gbé iná dáadáa, Bàbá Ìbùkún," ó ní, gbogbo ènìyàn sì gbọ́. "Ibi tí mò ń ṣe ni kẹ́ ẹ tàn án sí, kì í ṣe ojú mi."

Ẹ̀rín tí àwọn ìyá rín lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ lójú títì. Nígbà tí Susannah ṣe é tán, ẹ̀rọ náà kò jò ẹ̀kán kan. Ọmọ́tọ́ṣọ́ tún yọjú, ó bi í pé aago mélòó ni ẹ̀kọ́ Sátidé ń bẹ̀rẹ̀, àti pé ṣé wọ́n ń gba ọkùnrin. Kò sẹ́ni tó tún dábàá pé kí wọ́n gba gbọ̀ngàn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìbùkúnolúwa pè lórí fóònù. Ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Elisha, tó fi táwẹ̀lì kọ́rùn, gbé e. "Ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀ṣì? Bẹ́ẹ̀ ni o. Èmi àti màmá rẹ la jọ ṣe é."

Susannah ń gé ẹ̀fọ́ lọ́wọ́, ó dá ọ̀bẹ dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni ọkọ rẹ̀ fi gbé tọ́ọ̀ṣì, ó ti di "a jọ ṣe é". Òun gbé e fún ọdún mẹ́tàlélógún, kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ nípa òun.