Tíṣà Tó Ń Wo Kókó Okùn

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé mo gbọ́n nígbà tí mo jẹ́ tíṣà ní Ṣómólú, ẹ mọ̀ pé èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1955 ni mò ń wí. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mo sì lè ka orúkọ odò mẹ́sàn-án ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìmí. Ọ̀sà tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Bàrígà ńkọ́? Ibi tí òórùn ẹja ti ń wá ni mo mọ̀ ọ́n sí. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ibẹ̀ fẹ́ wá, èmi á pa fèrèsé dé.

Mo tún ra akoto funfun kan, irú èyí tí àwọn òyìnbó máa ń dé. Ó tóbi ju orí mi lọ, ó sì máa ń wálẹ̀ bò mí lójú, ṣùgbọ́n mò ń dé e lọ síléèwé, mò ń dé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo dé e lọ ra gààrí rí. Kàsúmù, káfíńtà tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi ní Abúlé Òkúta ní Bàrígà níbẹ̀, sọ pé nígbà tí òun kọ́kọ́ rí mi, ìkòkò lòun rò pé mo rù.

Ní Sátidé kan, ẹja tán lọ́jà Ṣómólú, ni mo bá fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ sétí ọ̀sà. Àwọn ará Ìlàjẹ ló ń gbé ibẹ̀, àwọn tó ti etí òkun ní ìhà Oǹdó wá. Àwọn ọkùnrin wọn ń pẹja, àwọn obìnrin ń yan án. Mo bá apẹ̀rẹ̀ kan nílẹ̀ tí wọ́n fi okùn di ẹnu rẹ̀, n kò sì rí ẹnikẹ́ni nítòsí. Mo ní kí n tú u wo ohun tó wà níbẹ̀. Mo fa okùn, kò tú. Mo fi eyín fà á. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, akoto ti bò mí lójú, okùn wà lẹ́nu mi, nígbà tí mo gbọ́ ohùn obìnrin lẹ́yìn mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ṣé kí n bá yín wá ọ̀bẹ ni, àbí eyín yín á ká a?"

Sabina nìyẹn, ọmọ Ikúmápàyí apẹja. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ṣoṣo fa ibì kan, gbogbo okùn náà sì tú wọ́ọ́. Kí n tó pa ẹnu mi dé, ó ti tún un dì. Ó ní kókó ìyá òun nìyẹn. Ó ní gbogbo apẹ̀rẹ̀ ló jọra, ọkọ̀ kan náà ló ń kó wọn lọ sọ́jà, kò sì sẹ́ni tó ń kọ orúkọ sí tirẹ̀ lára. Nítorí náà, obìnrin kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń ta kókó tirẹ̀, ìyá ló sì ń kọ́ ọmọ. Wọ́n á dúró lókèèrè, wọ́n á wo okùn, wọ́n á sọ ẹni tó ni ẹja.

Ẹ gbà mí o! Èmi tí mo ti ń fi ọ̀pá tọ́ka sí òkè yìnyín inú máàpù lára ògiri kíláàsì fún ọdún mẹ́ta, èyí ń bẹ lẹ́yìn ilé mi! Inú mi dùn débi pé mo sáré lọ sílé lọ rò ó. Mo délé tán kí n tó rántí pé n kò ra ẹja.

Láti ọjọ́ náà, tí a bá ti ṣíwọ́ níléèwé báyìí, ó di etí ọ̀sà. Mo ra ìwé tuntun, mo sì ń ya àwọn kókó náà sínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti Ìyá Ẹkúndayọ̀ máa ń yí lẹ́ẹ̀mẹta kó tó wọ inú ara rẹ̀. Ti Ìyá Japhet ní etí méjì bíi ti ehoro. Bí n kò bá rí kókó dáadáa, èmi á bẹ̀rẹ̀ wò ó lábẹ́, èmi á yọjú sínú ahéré tí wọ́n ti ń yan ẹja, èéfín á máa pa mí lójú, mo ṣáà ń yà á.

Kàsúmù bi mí pé, "Tíṣà, okùn lẹ̀ ń lọ wò, àbí ọmọ olókùn?"

Mo búra pé okùn ni. Irọ́ ni mo pa. Kò pé oṣù méjì tí mo fi sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún Sabina. Ó wojú mi, ó wo akoto orí mi, ó ní òun ti gbọ́. Ó ní kí n wá rí bàbá òun ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, nítorí ẹnu bàbá òun ni bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ wà. Oorun dá lójú mi. Bí Ikúmápàyí bá kọ̀ mí, n kò mọ ibi tí mo máa gbé ojú sí.

Ohun tí n kò rò ni bí mo ṣe rí lójú àwọn obìnrin yẹn. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ọkùnrin wọ ṣòkòtò káàkí, ó dé akoto funfun, ó mú ìwé àti pẹ́ńsùlù dání, ó ń yọjú sínú ahéré olóhun, ó ń wo abẹ́ apẹ̀rẹ̀, ó sì ń kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ta nìyẹn? Wolé-wolé ni! Wolé-wolé tó ń ti ojúlé dé ojúlé wá ìdọ̀tí kiri, tó lè ní kí wọ́n wó ahéré olóhun kó tó di ọ̀la. Sabina mọ̀ pé tíṣà ni mí, ṣùgbọ́n ta ló bi í? Gbogbo bí àwọn obìnrin náà ṣe ń kí mi, tí wọ́n ń pè mí ní ọ̀gá, tí wọ́n ń fún mi ní ẹja epìyà lọ́fẹ̀ẹ́, mo rò pé wọ́n fẹ́ràn mi ni. Mo tilẹ̀ ń sọ fún Kàsúmù pé ìwà mi ló ń fà wọ́n mọ́ra.

Nígbà tó di Fráídè, tó ku ọjọ́ méjì sí ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ rí bàbá Sabina, Tabitha ìyá rẹ̀ kò lọ sọ́jà. Òun kò rí mi rí. Bí mo ṣe yọ níbẹ̀ ni ẹnìkan ké pé, "Ó ti dé o!" Kíá, Tabitha gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan mẹ́ta sínú ògbólógbòó ọkọ̀ kan, ó da ẹní bò wọ́n, ó sì tì í sójú omi kí wolé-wolé má bàa rí wọn. Ọkọ̀ náà ti lu. Omi ń wọlé, ẹní ti léfòó lọ, ọkọ̀ ń rì díẹ̀díẹ̀, àwọn obìnrin káwọ́ lérí.

Èmi ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bú mi. Mo dúró létí omi, mo ń yà á. Mo tilẹ̀ pariwo pé, "Ẹ wo bí kókó yẹn ṣe di ẹnu apẹ̀rẹ̀ mú! Kò tú o!" Lóòótọ́, kò tú. Gbogbo ẹja inú rẹ̀ sì bàjẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ikúmápàyí ránṣẹ́ pè mí. Mo ṣí akoto, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ti jókòó dè mí. Tabitha wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nu ojú.

"Wọ́n ní ìwọ lo fẹ́ fẹ́ ọmọ mi," bàbá náà wí. "Wọ́n ní ìwọ náà lo ri ẹja ìyá rẹ̀."

Mo bá na ìwé mi sí i. Bàbá náà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ka èyí. Ó ń ṣí i lójú ewé kọ̀ọ̀kan. "Ti Ìyá Ẹkúndayọ̀ nìyí. Ìyàwó mi, tìẹ rèé. Èyí ti lọ́ pọ̀ níbí." Tabitha na ọrùn wò ó. Ló bá bú sẹ́rìn-ín tòun ti omijé lójú. "Hàà! Ọkùnrin tó mọ̀wé, okùn ló wá ń wò!" Sabina náà rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Nínú mi lọ́hùn-ún, mo ti ń yan ẹni tó máa gbé àga lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Bàbá náà pa ìwé dé. Ó rọra bi mí pé, "Tíṣà, ìyá tìrẹ ńkọ́? Báwo lòun ṣe ń di ẹrù?"

Ìyá mi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Oṣooṣù ló ń fi àpò èlùbọ́ ránṣẹ́ sí mi nínú lọ́rì, okùn sì máa ń wà lẹ́nu àpò náà. Bíléèdì ni mo fi ń gé e.

"N kò mọ̀, sà," ni mo wí.

"Lọ wò ó ná. Ọmọ mi kò ní wọ ilé ẹni tí kò mọ ọwọ́ ìyá rẹ̀."

Mo wọ lọ́rì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti délé gbẹ̀yìn. Ìyá mi dì mọ́ mi, ó kí mi ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, ó kí mi títí ó fi kan àwọn ará ilé tí wọ́n ti kú. Kó tó parí, mo ti mú okùn àti àpò jáde. Mo ní, "Ìyá mi, ẹ bá mi di èyí, kí n wò ó."

Ó wo okùn náà. Ó wá na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí mi. Àwọn ìka rẹ̀ ti ká wọlé, wọn kò ṣí mọ́.

"Ó ti di Kérésìmesì méjì," ó ní. "Ìyàwó Adéjìmí lójúde ló ń bá mi di àpò rẹ. Mo ṣáà ní kí ọkọ rẹ̀ kọ ọ́ síwèé sí ọ."

Mo rántí ìwé náà. Mo kà á. Mo fi yíǹkì pupa tún àwọn àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe, mo sì dá a padà fún Adéjìmí kó lè mọ̀wé kọ sí i. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, wọ́n ní. Èmi kò sunkún, n kò sì ríran.

Ó bi mí ohun tó dé tí mo fi ń béèrè ọ̀rọ̀ okùn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí akoto dé orí ẹja.

"Nítorí ọmọ ẹlẹ́ja lo ṣe wá wo ọwọ́ mi," ó wí.

Kò bínú. Ì bá gbá mi létí, ì bá sàn fún mi. Ojú tì mí, mo sunkún bí ọmọ ìwé kìn-ín-ní, mo di ìka rẹ̀ mú, mo ń bẹ̀ ẹ́. Ó jẹ́ kí n sunkún tó. Lẹ́yìn náà ó ní kí n di àpò náà fúnra mi, òun á máa wí fún mi. "Mú un gba abẹ́. Abẹ́ ni mo wí, Bọ́dúndé, ṣé òkè nìyẹn kọ́? Tú u." Ẹ̀ẹ̀méje ni mo tú u. Nígbà tó sú u, ó ní òun á bá mi lọ sí Bàrígà, àti pé ta ló kọ́ mi pé ènìyàn máa ń dá lọ tọrọ ìyàwó fún ara rẹ̀?

Báyìí ni ìyá mi ṣe jókòó sí ilé Ikúmápàyí. Tabitha ti gba ọwọ́ náà mọ́ra, ó ń fi epo gbígbóná ra á, wọ́n ń sọ Ìlàjẹ àti Ògbómọ̀ṣọ́ lu ara wọn bíi pé ilé kan náà ni wọ́n ti bí wọn. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè kókó kankan. Bàbá Sabina kọjú sí ìyá mi.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ òtítọ́ fún wa. Irú ọmọ wo ni Tíṣà yìí?"

Mo tún kọ́là ẹ̀wù mi ṣe. Mo gbé ojú sókè díẹ̀, kí ìyìn náà lè bá mi dáadáa.

"Ọmọ dáadáa ni," ìyá mi dáhùn. "Ojú rẹ̀ nìkan ni kì í tètè ríran."

Tabitha fi ọwọ́ lu itan, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Sabina rẹ́rìn-ín jáde láti inú yàrá wá kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi. Bí wọ́n ṣe fún mi níyàwó nìyẹn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì dúpẹ́.