Ẹ̀ẹ̀mejì Lẹ Máa Ń Tẹ̀ Ẹ́

Ta ló máa ń wẹ̀ fún aláìsàn, tí á fi pọ́dà kùn ún lójú, tí á wọ aṣọ tó dáa jù fún un kó tó gbé e dé iwájú dókítà, tí á wá máa bínú pé dókítà ò rí àìsàn? Bàbá Oníjíìpù ni. Ohun tó ṣe fún ọkọ̀ rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Orí òkè olókùúta ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé, ọkọ̀ kékeré ò sì lè dé ibẹ̀. Ọ̀nà tó lọ sí ìsàlẹ̀ da gẹ̀rẹ́ débi pé ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn gan-an á máa di igi mú. Jíìpù àtijọ́ yìí ló ń gbé wọn lọ, tó ń gbé wọn bọ̀, Bàbá sì ń kẹ́ ẹ bí ọmọ. Ní gbogbo Sátidé, á fọ̀ ọ́, á nu táyà, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ibi tó bá rí tí nǹkan ti fà díẹ̀, ìbáà jẹ́ omi, ìbáà jẹ́ ọ́ìlì, á bu sí i títí á fi kún. Kì í bi ara rẹ̀ pé ibo ni èyí tó fà gbà lọ. Ìmọ́tótó ni lójú tiẹ̀.

Ojú ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá, ti ṣú díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di pé òjìji lásán ló ń rí. Dókítà kan tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, tó ń ti òkèèrè wá sí ọsíbítù ìsàlẹ̀ ti fún un lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ. Ọ̀la ni ọjọ́ náà. Tí wọn ò bá dé ibẹ̀ lọ́la, dókítà á ti padà lọ, ó di ọdún mìíràn. Gbogbo ẹni tó bá kí Ìyá ló ń sọ fún pé, "Mo fẹ́ wo ojú bàbá yìí dáadáa ni o. Ó ní òun ò tíì darúgbó, mi ò sì rí ẹ̀rí."

Àfi bí aládùúgbò kan ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, tó ní, "Bàbá, nǹkan kan ń jò lábẹ́ ọkọ̀ yín o!" Ó kọjá lọ, kò tilẹ̀ sọ ibi tó ti rí i.

Àyà Bàbá já. Ẹlòmíì á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Bàbá ní tiẹ̀, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ló gbé jáde. Ó ní òun ò lè gbé ọkọ̀ tó dọ̀tí lọ bá mẹkáníìkì, kí wọ́n má baà sọ pé òun ò mọ̀tọ́jú. Ó fọ abẹ́ ọkọ̀ náà títí ó fi ń dán, ó bu ohun gbogbo kún bó ṣe máa ń ṣe, ó gbé Ìyá jókòó síwájú nítorí kì í fi í sílẹ̀ nílé lóun nìkan, wọ́n wá forí lé ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tó wà lórí òkè níbẹ̀.

Ọ̀gá Páálí ni wọ́n ń pe mẹkáníìkì náà. Kò sí ọkọ̀ tó máa wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ tẹ́ páálí funfun sí abẹ́ rẹ̀, kí ohun tó ń jò lè kán sí i. Tó bá dúdú, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Tó bá pupa, ti jíà ni. Tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, ti rédíétọ̀ ni. Ó wọ abẹ́ jíìpù, kò pẹ́ tó fi jáde.

"Bàbá, ta ló fọ abẹ́ ọkọ̀ yìí?"

"Èmi ni," Bàbá dáhùn, ó ń retí kí wọ́n yìn ín.

"Háà, Bàbá! Ẹ ti fọ gbogbo ẹ̀rí dànù!"

Ni Ọ̀gá Páálí bá ní kí Bàbá wa jíìpù náà yí àdúgbò ká. Nígbà tí Bàbá padà dé, ọ̀gá tẹ́ páálí sí abẹ́ rẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ń dúró. Nígbà tó fà á jáde, omi mímọ́ ló wà níwájú rẹ̀, omi tí ẹ̀rọ atẹ́gùn tútù máa ń dà sílẹ̀. Láàárín, ẹ̀kán ọ́ìlì dúdú kan, tí kò tó nǹkan fún ọkọ̀ àgbà. Lẹ́yìn, ó gbẹ táútáú. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo ike ọ́ìlì bíréèkì: ó kún dẹ́nu.

"Ṣé bíréèkì ń mú dáadáa, Bàbá?"

"Ó ń mú ṣinṣin!" Kò sì purọ́, ohun tó mọ̀ nìyẹn.

"Ó dáa. Ẹ lè máa lọ lọ́la."

Bàbá ti na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ nígbà tí Ìyá sọ̀rọ̀ látinú ọkọ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa ń tẹ̀ ẹ́."

"Ta ni? Kí ni?"

"Ẹ̀yin ni, bàbá àwọn ọmọ mi. Tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ dúró, ẹsẹ̀ yín á dún gbì. Láti ọjọ́ mélòó kan, gbì-gbì ni. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ni, mi ò fẹ́ fi yín ṣe yẹ̀yẹ́."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Páálí ò rẹ́rìn-ín rárá. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ jíìpù, ó tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rì wọlé. Ó tún un tẹ̀ kó tó mú. Ó fa jáàkì sí abẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó tú táyà kan, kò rí nǹkan kan. Ó tú ìkejì, ó ṣí irin tó bo inú rẹ̀. Inú ibẹ̀ ti rin gbìndìn fún ọ́ìlì bíréèkì.

"Ẹ wá wò ó. Rọ́bà kékeré inú ibí ló ti gbó. Tí ọkọ̀ bá dúró, kì í fi bẹ́ẹ̀ kán sílẹ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń tẹ bíréèkì ló ń tú jáde. Ẹ̀yin sì ń bù ú kún láti òkè, ẹ ò jẹ́ kó fọhùn. Lórí gẹ̀rẹ́ yẹn lọ́la, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́ títí, Bàbá, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, ọkọ̀ ò sì ní dúró."

Bàbá jókòó sórí táyà tí wọ́n tú sílẹ̀. Ó wo ọ̀nà ìsàlẹ̀, ó wo orí ìyàwó rẹ̀ tó ń hàn lójú fèrèsé ọkọ̀. Ó kọ́kọ́ kí mẹkáníìkì. "O ṣeun, ọ̀gá mi. O ṣeun tó ò fi rẹ́rìn-ín." Lẹ́yìn náà ló dìde lọ bá Ìyá, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "O ṣé gan-an ni, ìyá àwọn ọmọ mi. O ṣeun tó o ń gbọ́ mi." Ìyá ní kó fi òun sílẹ̀ jàre, pé ọwọ́ rẹ̀ ń rùn fún ọ́ìlì.

Ọ̀gá Páálí pààrọ̀ rọ́bà náà, ó sì fọ inú wíìlì náà mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, jíìpù kọrí sí ìsàlẹ̀. Níbi tí ọ̀nà ti da gẹ̀rẹ́ jù, Bàbá tẹ bíréèkì. Gbì. Jíìpù dúró sójú kan.

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ẹ̀kan ni."

"Ẹ̀ẹ̀kan ni," Bàbá dáhùn. Omijé dé, ó sì rọra fi apá aṣọ rẹ̀ nù ún, ó rò pé obìnrin yìí kò lè mọ̀.

"Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárì mú o," Ìyá wí. "Ojú tèmi nìkan ni wọ́n ń retí lọ́hùn-ún."