Awọ Tútù

“Ta ló di ẹsẹ̀ yìí?”

Dókítà ẹran ló béèrè bẹ́ẹ̀, kò sì gbójú sókè. Ó ti fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ajá náà, ó wá ń tẹ àwọn ọmọ ìka rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ wú, ó dúdú, ó tutù, ó sì ti ń rùn. Ajá ọ̀hún, Tẹ̀lémi ni wọ́n ń pè é, kò tilẹ̀ mira. Ẹni tó gbé e wá nìkan ló ń wò.

Aránbàtà lẹni náà, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọ̀gá sì ni nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kì í purọ́ fún ènìyàn, àfi fún oníbàárà tí bàtà rẹ̀ kò bá tíì yá.

“Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni,” ó wí. “Ewé àti epo ló fi ń tọ́jú ẹran.”

Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ dì í lóòótọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni kò fẹnu kàn.

“Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé ìdì wọn ti le jù, ẹsẹ̀ ti kú.” Dókítà náà kò ju ọmọ rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n kò sí eré nínú ohùn rẹ̀. “Ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ ká gé e lónìí. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, oró rẹ̀ á wọnú ara, ajá yìí ò sì ní rí ọ̀la.”

“Gígé kẹ̀? Ṣé kò ní kú sábẹ́ ọ̀bẹ?”

“Ó lè kú. Ó ti dàgbà, ó sì ti rẹ̀ ẹ́, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n tí a bá fi í sílẹ̀ báyìí, kíkú ló máa kú. Agogo méjì ni mò ń tilẹ̀kùn ní Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀.”

Aránbàtà ní òun fẹ́ lọ bá àwọn ará ilé sọ ọ́. Agogo mọ́kànlá ti kọjá. Ó gbé Tẹ̀lémi sínú agbọ̀n tó fi ń kó bàtà lọ fún oníbàárà, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì ń rọra wà á lọ. Gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti rí gbágungbàgun, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń tì í lọ.

Ká ní ajá lásán ni, ojú rẹ̀ ì bá má ro tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbàgbé ti ń ṣe ìyá rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìyá á jáde nílé, kò ní mọ ibi tó ń lọ, kò sì ní mọ ibi tó ti wá. Tẹ̀lémi ló ń tẹ̀ lé e káàkiri. Bó bá ti rẹ ìyá, ajá á fi eyín mú etí aṣọ rẹ̀, á sì fà á díẹ̀díẹ̀ wálé. Ní ọjọ́ Wẹ́sídé, ìyá yà bọ́ sójú títì, ajá fò síwájú rẹ̀, mọ́tò sì gbá a, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan ṣẹ́. Ìyá kò fara pa rárá. Bí Tẹ̀lémi bá wá kú báyìí, kò sí ohun tó kù ju kí wọ́n máa tilẹ̀kùn mọ́ ìyá wọn lórí bí ẹlẹ́wọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló to egungun náà lọ́jọ́ náà. Ó lẹ ewé mọ́ ọn, ó fi pátákó pẹlẹbẹ méjì há a, ó sì fi aṣọ múlọ́múlọ́ dì í. “Wò ó, ìka mi wọ abẹ́ rẹ̀,” ó wí. “Má fọwọ́ kàn án.”

Àbúrò kò gbọ́. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ajá ti ń fi eyín ja aṣọ náà. Ni aránbàtà bá gé awọ kan tó rọ̀, ó rẹ ẹ́ sómi, ó nà án mọ́ ẹsẹ̀ náà lórí ìdì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì rán an pinpin, bó ṣe ń na awọ mọ́ igi bàtà. Ó dára lójú débi pé àwọn aládùúgbò ń yìn ín. Àṣejù, baba àṣetẹ́! Ohun tí gbogbo aránbàtà ti mọ̀ kó tó mọ abẹ́rẹ́ dì mú ni pé, awọ tútù tí a bá nà mọ́ nǹkan, bó ṣe ń gbẹ ló ń fún. Òun ló fi ń jẹun láti ọgbọ̀n ọdún. Òun náà ló gbàgbé. Ọjọ́ méjì ni ajá fi ń ké, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń gbé àdúgbò mìíràn, kò sì gbọ́. Láàárọ̀ Sátidé yìí ló tó la awọ náà, tó rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, tó jù ú sórí ààtàn, tó sì fi aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ẹsẹ̀ náà padà.

“Gé ẹsẹ̀ kẹ̀?” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. “O ti gbàgbé bàbá wa nìyẹn? Ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ọsibítù fún iṣẹ́ abẹ wákàtí kan, inú pósí ni wọ́n gbé e jáde.”

“Mi ò gbàgbé, Àǹtí mi.”

“Kí ni dókítà ní ó fà á?”

“Ó ní... ó ní ìdì ló le jù.”

Obìnrin náà jókòó wọ̀ọ̀. “Ìdì tèmi? Ṣebí ìṣojú ẹ ni mo fi ìka wọ abẹ́ rẹ̀? Àbí o ò rí i?”

“Mo rí i.”

“Kò le nígbà náà! Tí kò bá sì le, ẹ̀jẹ̀ tó dì nígbà tí mọ́tò gbá a ló ṣù síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó dì, mo lè tú u. Fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta péré, omi gbígbóná, ewé, epo àti ọwọ́ mi.” Ó ti dìde, ó ti gbé ìkòkò kaná. “Tó bá jẹ́ ọwọ́ mi ló pa ẹsẹ̀ ajá yìí, mi ò tún ní fọwọ́ kan ẹran mọ́ láyé mi. O gbà mí gbọ́, àbí o ò gbà mí gbọ́?”

“Mo gbà yín gbọ́.”

Ó gbà á gbọ́ lóòótọ́, ìyẹn gan-an ló ń pa á lára. Bí kò bá sí awọ nínú ọ̀rọ̀ náà, òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ.

Ìyá wọn, tí aránbàtà mú wá síbẹ̀ láti ilé rẹ̀ láàárọ̀ kó tó lọ bá dókítà, wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọ̀pá rẹ̀ láàárín orúnkún. Ó fa nǹkan kan yọ lábẹ́ aṣọ rẹ̀. “Ẹ wọ bàtà fún un,” ó wí. “Ilẹ̀ tutù.”

Awọ náà ni. Ó ti lọ ṣà á lórí ààtàn. Ó ti gan bíi pátákó, àwòrán ẹsẹ̀ ajá ṣì wà lára rẹ̀ geere.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kún fún omijé. “Màámi ò ní pa mí! Bàtà ajá! Níbo lẹ tún ti rí èyí?” Ó gbà á, ó gbé e sórí tábìlì láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó sì padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Omi ti ń hó. Agogo ara ògiri ti fẹ́ẹ̀ lu ọ̀kan. Bí aránbàtà bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà á kọjá bẹ́ẹ̀.

“Àǹtí mi, ẹ sọ ìkòkò yẹn kalẹ̀.”

“Kí ló dé?”

Ó kúnlẹ̀. “Awọ yẹn, èmi ni mo rán an mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ dì í tán. Ó ń ja aṣọ yín. Tútù ni mo nà án. Ó gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.”

“Ìwọ aránbàtà?”

“Èmi aránbàtà.”

“Ọjọ́ mélòó?”

“Ọjọ́ méjì.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bú u. Ì bá sàn kó bú u. Ó mú abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan nínú àpótí iṣẹ́ rẹ̀, ó gún ọmọ ìka ajá náà, ó gún èkejì, ó gún ẹ̀kẹta. Tẹ̀lémi kò mira. Ìgbà tó gún un lókè orúnkún ló tó ta kìjí.

“Ibí ni ẹ̀mí mọ,” ó wí jẹ́ẹ́. “Ẹran ara tó wà láàyè ni ewé ń ràn lọ́wọ́. Kì í jí òkú.” Ó da omi ìkòkò náà nù sẹ́yìn ilé. Ìgbà tó wọlé padà ló pariwo. “Gbé e ńlẹ̀! Kí lò ń wò? Ṣé agogo ń dúró dè ẹ́ ni?”

Agogo méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tí gbogbo wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà, ìyá náà pẹ̀lú, nítorí kò sí ẹni tí wọ́n lè fi í tì. Dókítà wo obìnrin náà. “Ẹ̀yin lẹ di ẹsẹ̀ yẹn, mà?”

Ẹ̀gbọ́n kò wo dókítà. Àbúrò rẹ̀ ló ń wò.

“Irọ́ ni mo pa fún yín, Dókítà,” ni aránbàtà wí. “Ìdì tiwọn dáa. Èmi ni mo fi awọ rán ẹsẹ̀ náà pa.”

“Ẹlẹ́jọ́ tó mẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. “Ṣùgbọ́n tìẹ á pẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ mi.” Ó yíjú sí dókítà. “Ọmọ mi, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n di orí rẹ̀ mú títí á fi sùn. Ó mọ ọwọ́ mi.”

“Ẹ fọ ọwọ́ yín, kẹ́ ẹ máa bọ̀, mà.”

Dókítà na ìwé kan sí aránbàtà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ajá náà lè má jí. Ó mú bírò, ó ń tún ìwé náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

“Ẹsẹ̀ mélòó ni wọ́n máa ṣẹ́kù fún un?” ni ìyá rẹ̀ béèrè.

“Mẹ́ta, Màámi.”

Ìyá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì, ó tún wo ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń ka nǹkan. “Iye tèmi náà nìyẹn,” ó wí. “Ṣé mi ò ń délé ni?”

“Ẹ̀ ń délé, Màámi,” ni ọmọ rẹ̀ wí, ó sì fọwọ́ sí ìwé náà.